Èjí Ìyá Délé ní Ìlú Òtútù

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ìlú Ọba kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ra síwẹ́tà méjì ní Ṣàgámù tí kò wúlò rárá nígbà tí mo débẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò sí ẹni tó kí mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo wọ̀ sí, mo ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá ní èdè wọn. Obìnrin arúgbó kan yà sí òdì kejì títì. Ọkùnrin kan dáhùn, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ṣì wà. Nígbà tí mo kí ẹni kejìlá, mo padà wọlé.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nìyẹn. Mo ti fi ọdún mẹ́tàlá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ewéko ní Ìsarà kí n tó lọ. Mo ti jáde ní yunifásítì tipẹ́, láyé ìgbà tí wọ́n ń gbé itan adìẹ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa ráhùn pé kò tóbi. Mo rò pé ìlú tí mo ń lọ yóò fi ọ̀wọ̀ gba ẹni tó mọ orúkọ igba igi ní èdè Látìn. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé iṣẹ́ bisikíìtì.

Wọ́n fi àwọ̀n bò mí lórí, wọ́n fi òmíràn bò mí ní irùngbọ̀n, wọ́n sì mú mi dúró sídìí ẹ̀rọ kan tí bisikíìtì ń gba orí rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yọ èyí tó ya, èyí tó sán, àti èyí tó ní àlàfo níbi tí kò yẹ kí àlàfo wà. Ọ̀gá wa fi ìka hàn mí: "Bí ó bá ti ní àlàfo, àbùkù ni. Mú un kúrò." Mo kọ̀wé sílé pé èmi ni alábòójútó ìpéye ọjà. Ìyá ìyàwó mi sọ fún gbogbo Ṣàgámù pé ilé iṣẹ́ kan wà ní Ìlú Ọba tí kò lè ta ohunkóhun láìkọ́kọ́ bi mí.

Àwọn bisikíìtì tó ya náà, wọ́n máa ń jẹ́ kí a kó wọn lọ sílé nínú àpò. Ẹ fi bisikíìtì yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló tú àṣírí tí mo fẹ́ sọ.

Ọdún méjì ni mo fi dá gbé. Ẹni tó bá dá gbé nílẹ̀ àjèjì yóò mọ̀ pé ìkòkò kì í dáhùn, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń rí nígbà tí mo bá di ojú kì í ṣe ilé mi, kì í ṣe ilé ìwé mi. Ẹ̀rín ìyàwó mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rín náà. Bàbá ìyàwó mi jẹ́ Àlùfáà Mùsùlùmí àti oníṣòwò gbàǹja ní Ṣàgámù, Ràfíátù sì ni wọ́n sọ ọmọ wọn. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ kan. Ràfíátù jókòó, ó ń to gbàǹja sínú apẹ̀rẹ̀, ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí àlàfo kékeré kan láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì. Èjí. Mo gbàgbé ohun tí a bá wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ìwé sí i, irú ìwé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì máa ń kọ: "Ọlọ́run tí ó fi ààlà sí òkun ni ó fi àlàfo yìí sí ẹnu rẹ."

Ó gba ìgbàgbọ́, ó wá sínú ìjọ wa tó ń pa Sábáàtì mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì di Rúùtù. Nínú ìjọ wa nígbà náà, obìnrin kì í wọ yẹtí, kì í wọ ẹ̀gbà ọrùn, kì í kun ètè, àní a kò fi òrùka ṣègbéyàwó. Bàbá rẹ̀ wò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ẹ̀sìn yín ò burú. Ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kì í mu ọtí, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọmọ mi fi rí bí ẹni tí olè jà?" Ràfíátù rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ yọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé olè kò rí èyí kó.

Ní ọdún kẹta, ìyàwó mi, tí gbogbo ènìyàn ti ń pè ní Ìyá Délé látìgbà tí a ti bí Délé, wá bá mi. Àwọn ọmọ dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ṣàgámù nítorí ilé ìwé.

Ìjọ wa níbẹ̀ kò ju ogún ènìyàn lọ: àwa díẹ̀ láti Rẹ́mọ, àwọn ará Gánà, àti àwọn ìyá mélòó kan láti Jàmáíkà. Gbọ̀ngàn tí a ń yá lọ́jọ́ Sátidé, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níjó ni. Dígí ló bo ògiri rẹ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ dé òkè. Kò sí ibi tí o kọjú sí tí o kò ní rí ara rẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Délé bá wa jọ́sìn, ó ṣàkíyèsí pé bí pásítọ̀ ti ń ka Ìwé Mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin ń tún fìlà àti gèlè ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mọ́kànlá wá, ó sì fi bo gbogbo dígí náà. Àwòrán ehoro ló kún inú ọ̀kan, ìyẹn ló sì wà lẹ́yìn pásítọ̀. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi wàásù ìdájọ́ ìkẹyìn níwájú ehoro.

Lọ́jọ́ kan, bí a ti ń gbàdúrà, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan já bọ́. Gbogbo wa lajú. Ojú mi báyìí ni pásítọ̀ ṣe wo dígí, wọ́n tún táì wọn ṣe, wọ́n sì ṣe "Àmín."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi Ìyá Délé ṣe olórí àwọn obìnrin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun àti Ṣadé ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣadé jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ohùn orin rẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìsìn, ilé wa ló ti ń jẹun. Ìyá Délé a se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ fún un ní Jímọ̀, a sì máa fi eré sísá sè é, nítorí Sábáàtì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìlú yẹn nígbà òtútù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í bá oòrùn lókè. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa tí a ń pè ní àga Ṣadé. Nítorí pé àwọn ọmọ wa jìnnà, àga yẹn ni ìdílé wa.

Ní Sátidé kan Ṣadé wọlé pẹ̀lú yẹtí kékeré méjì.

"Ṣadé, kí nìyẹn létí ẹ?"

"Yẹtí ni, Mọ̀mí."

"Mo mọ̀ pé yẹtí ni. Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Mọ̀mí, ẹ má bínú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì pè mí ní ọ̀gbẹ́ni lánàá. Ìgbà kẹta nìyẹn lọ́sẹ̀ yìí. Pẹ̀lú kóòtù yìí àti fìlà yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé obìnrin ni mí. Ìyá àgbà kan nílé ìwòsàn tiẹ̀ ti ń bá mi wá ìyàwó."

"Ẹni tó dá ẹ mọ̀ pé obìnrin ni ẹ́."

"Òun kọ́ ló ń wa bọ́ọ̀sì, Mọ̀mí."

Mo fi ikọ́ bo ẹ̀rín mi. Ìyá Délé wò mí, ikọ́ náà sàn lójú ẹsẹ̀. Ó kọjú sí Ṣadé, ó ya ẹnu, ó sì fi ìka kan èjí rẹ̀.

"Wò mí dáadáa. Ǹjẹ́ o rí nǹkan kan lára mi? Eléyìí nìkan ni ẹ̀ṣọ́ mi. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Yọ tìẹ kí o tó kọrin, àbí kí o má kọrin."

Ṣadé kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ̀mí. Ọlọ́run tó fún yín ní tiyín ò fún mi ní nǹkan kan." Ó mú àpò rẹ̀, ó lọ.

Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Kò wá ní èyí tó tún tẹ̀ lé e. Ìyá Délé ṣì ń se ìkọ́kọrẹ́, ó ṣì ń bu ti Ṣadé sọ́tọ̀, òun àti èmi a sì máa wo abọ́ náà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, oríṣiríṣi ni ohun tó ń ṣe. Ti Ìyá Délé máa ń gba ẹnu wọlé. Ó jẹ bisikíìtì tí mo kó wálé, ti atalẹ̀, ti ṣúgà, odidi àpò, títí ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìgbà náà gan-an ni ìjọ ní kí ó wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àwọn obìnrin. Àkòrí rẹ̀ ni ẹwà tó ti ọwọ́ Ọlọ́run wá.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí awo. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fi òwú há a lẹ́nu, ó gbé iná sí i lójú, ó wá dúró.

"Ta ló ṣe eléyìí fún un?" Eyín iwájú ló ń tọ́ka sí.

Mo ní, "Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run lo fáìlì irin?"

Mo jókòó dáadáa. Mo sọ fún un pé nílẹ̀ wa, èjí ni ẹwà, pé àwọn kan wà tó ń pa á ní tòótọ́, ṣùgbọ́n pé ti ìyàwó mi yìí, àbímọ́ ni. Mo fi ohùn tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní Ìsarà ṣàlàyé fún un. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán, ó gbé dígí kékeré kan wá, ó sì fi hàn mí. Ẹ̀gbẹ́ eyín méjèèjì tẹ́jú bí ẹ̀gbẹ́ pákó tí wọ́n fá. Mo tilẹ̀ rí ojú ibi tí irin ti gbà kọjá.

"Mo lè dí i fún un," ni ó wí. "Kò ní hàn rárá."

Mo wo Ìyá Délé. Òwú wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìdajì ẹnu rẹ̀ ṣì kú, ètè rẹ̀ sì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá Délé, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ṣe é?"

"Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà. Ti àdúgbò Ìbídò."

"Èyí tó kan bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa?"

Ó mi orí. "Fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn ni. Wọ́n kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́."

Èmi ni mo dúró nínú ìjọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn dé, tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan lọ sílé.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà," ni ó ń wí. "Wọ́n bí èjí mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹni tó bá wá ra gbàǹja ló ń kí i, wọ́n ń fò mí dá. Mo sunkún títí Ìyá fi mú mi lọ."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ìwé yín. Ẹ ní Ọlọ́run tó fi ààlà sí òkun. Ta ló fẹ́ dáhùn irú ìwé bẹ́ẹ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni?" Ó nu ètè rẹ̀ tó rọ̀. "Nígbà tó yá, èmi náà gbàgbé. Mo gbàgbé pátápátá, Bàbá Délé. Mo ti ń dúpẹ́ rẹ̀ nínú àdúrà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bínú. Ìbínú òmùgọ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Níbi iṣẹ́, mo ń yọ bisikíìtì tó pé, mo ń fi èyí tó ya sílẹ̀. Ọ̀gá pè mí, ó ní ṣé ara mi yá. Mo ní ìyàwó mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ó kẹ́dùn, ó fọwọ́ kan mi léjìká.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo pe ilé. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. A óò pe ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà ní Ṣàgámù, wọn a lọ pe Ìyá tó bí ìyàwó mi wá, a óò sì tún pè lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ìyá gbà pé bí ibi tí mo wà ṣe jìnnà tó ni ohùn ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, nítorí náà gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Èdè Rẹ́mọ ponbele ni Ìyá ń sọ. N óò kọ ọ́ bí gbogbo ayé yóò ṣe gbọ́ ọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òtítọ́ ni mo fẹ́. Èjí ìyàwó mi."

"Ṣé ó ti yọ ni?"

"Kò yọ, Ìyá. Ta ló ṣe é?"

Mo gbọ́ tí wọ́n yí sí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù: "Àna mi ń bèèrè ẹni tó pa èjí Ràfíátù." Ẹ̀rín bú. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó ń dúró de ìpè tirẹ̀, pariwo sínú fóònù: "Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, sà."

"Gbogbo Ṣàgámù ló mọ̀," ni Ìyá wí. "A rò pé ẹ mọ̀. Ẹ kàwé." Ohùn wọn rọ̀. "Bàbá Délé, lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá sílé wa, bàtà wo lẹ wọ̀?"

Bàtà gàràntí ni, èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó, tí gbogbo wa ń wọ̀ ní yunifásítì.

"Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá àtẹ́rígbà," ni wọ́n ń bá a lọ. "Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe nílé wa, ẹ wọlé. Àbúrò Àlùfáà bèèrè pé níbo ni ìdajì àna tó kù wà. Ṣé Ràfíátù bá yín jà?"

"Rárá, Ìyá."

"Ó sunkún díẹ̀ o. Ó wá ní òun á fẹ́ yín bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Délé, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Mo ti mọ̀ kí ẹ tó bọ́ ọ," ni ó wí. "Mo ti rí yín nígbà tí ẹ ń bọ̀ lọ́nà bí ẹni tó gun igi." Èjí náà yọ bí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọkàn mi sì ṣe bí ó ti ṣe níbi gbàǹja lọ́jọ́sí. Ọkàn kò mọ ẹni tó lo fáìlì.

Mo ní, "Ọjọ́ àwọn obìnrin ń bọ̀. Sọ̀rọ̀ rẹ, má dárúkọ eyín. Oníṣègùn yẹn kì í wá sí ìjọ wa."

Ó ń wo àga Ṣadé.

Ní Sátidé ọjọ́ àwọn obìnrin náà, Ìyá Délé lọ bá Ṣadé níbi tó ń gbé, ó ní kí ó ṣáà wá gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣadé wá, ó jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ lórí. Ìyá Délé dìde. Dípò kí ó ṣí Bíbélì, ó lọ sí ìdí ehoro, ó sì fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà wálẹ̀. Ó wo dígí, ó ya ẹnu, ó wá kọjú sí wa.

"Ẹ wo ẹnu mi," ni ó wí. "Mo sọ fún ọmọ kan nínú ìjọ yìí pé Ọlọ́run ló fi èyí síbẹ̀. Irọ́ ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìbídò ló fi fáìlì ayùn ṣe é, nítorí mo fẹ́ lẹ́wà. Oníṣègùn ní òun lè dí i. N kò jẹ́ kó dí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kò lè yọ tirẹ̀, kí ló fẹ́ sọ nípa yẹtí ẹlòmíràn? Ṣadé, dárí jì mí."

Pásítọ̀ wo ilẹ̀. Ìyá Jàmáíkà kan, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbé ọwọ́ sókè níkẹyìn, ó bèèrè bóyá gbẹ́nàgbẹ́nà náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ṣadé bọ́ fìlà. Etí rẹ̀ ṣófo. Ó ti yọ yẹtí náà kí ó tó wọlé. Ó dìde, ó sì kọrin láìsí ẹni tó sọ fún un.

Àwa mẹ́ta la jọ ń lọ sílé. Bọ́ọ̀sì dé, Ṣadé ti dé fìlà rẹ̀ padà, awakọ̀ sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

Ìyá Délé dúró lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. "Ṣadé, níbo ni yẹtí yẹn wà?"

"Ó wà nínú àpò kóòtù mi, Mọ̀mí."

"Mú un wá."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ká fìlà Ṣadé sókè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ yẹtí náà fún un, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà òsì. Òun tí kò wọ yẹtí láti ọjọ́ tó ti gbàgbọ́, tí kò sì wọ ọ́ títí di òní. Èrò bọ́ọ̀sì ń dúró. Ó wá yí ojú Ṣadé sí awakọ̀.

"Ta nìyí?"

Awakọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ má bínú, màdáámù."

"Jẹ́ ká lọ jẹun," ni Ìyá Délé wí fún Ṣadé. "Ìkọ́kọrẹ́ ti wà nílẹ̀ láti àná."

A ti padà sílé tipẹ́. Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ti kú, bẹ́ǹṣì rẹ̀ ṣì wà. Lọ́dún tó kọjá, eyín iwájú Ìyá Délé méjèèjì bọ́ tẹ̀ léra, mo sì mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin oníṣègùn eyín kan ní Ṣàgámù kí ó ṣe àtọwọ́dá fún un. Ọmọ náà wọn ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ìyá, màá ṣe é kí ó há mọ́ra dáadáa, kò ní sí àlàfo kankan."

Òwú tún wà lẹ́nu Ìyá Délé. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó wò mí.

Mo ní, "Rárá, dókítà. Àlàfo wà níbẹ̀. Àbímọ́ ni."